Adébóyè Babalọlá àti Ẹ̀kọ́ Lítíréṣọ̀ Alohùn Yorùbá: Ohun tí Olùkọ́ Fi Sílẹ̀

Ìfáàrà

Bí a bá ń dárúkọ àwọn tí ó sọ lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá di ohun tí à ń kọ́ ní yunifásítì, orúkọ tí a kò lè fò dá ni ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá. Ìpetumodù ni a bí i sí ní ọdún 1926. Ọdún 2008 ni ó sì papò dà. Ìrántí rẹ̀ ni bébà yìí dá lé, ṣùgbọ́n kì í ṣe oríkì rẹ̀ ni a fẹ́ ki. Ohun mẹ́ta ni a ó gbé yẹ̀ wò: ipò tí ẹ̀kọ́ náà wà kí ó tó dé ìdí rẹ̀, ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìjálá fi kún un, àti irú ogún tí ó fi sílẹ̀. Èrò wa ni pé ọ̀nà tí ó gbà kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn ọdẹ ṣe pàtàkì ju ẹsẹ ìjálá tí ó tẹ̀ jáde lọ, àti pé ọ̀nà yìí gan-an ni ó lè bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ṣáájú ọdún 1966

Kì í ṣe Babalọlá ni ó kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu Yorùbá sílẹ̀. Crowther ti kó òwe sínú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ ti ọdún 1852. E. M. Líjàdù tẹ ìwé lórí Ifá jáde ní ọdún 1898 àti 1908. Ìwé ìtàn Johnson, tí ó jáde ní ọdún 1921, kò sì ṣàì mẹ́nu kan oríkì àti orílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni olúkúlùkù wọn ń wá. Èdè ni Crowther fẹ́ kọ́ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni ó gbé Líjàdù dé ìdí Ifá. Ìtàn ìlú àti ti ọba ni Johnson ń tọpa rẹ̀. Ìbéèrè tí ó ṣẹ́ kù ni èyí: kí ni ó sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí di ewì, ta sì ni ó mọ̀ ọ́n dájú?

Iṣẹ́ lórí ìjálá

Igbobi College ní Èkó, Achimota ní ilẹ̀ Gánà òde òní, àti Cambridge ni Babalọlá ti kàwé. Yunifásítì Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ìwé tí ó ti inú ìwádìí náà jáde, The Content and Form of Yoruba Ijala, ni Clarendon Press ní Oxford tẹ̀ ní ọdún 1966. Ọ̀nà méjì ni ìwé náà pín sí: ìtúpalẹ̀ ni apá kìíní, àwọn ìjálá fúnra wọn, pẹ̀lú ìtumọ̀ àti àlàyé, ni apá kejì.

Kókó méjì nínú ìtúpalẹ̀ náà ni a fẹ́ dúró lé lórí. Èkíní ni ọ̀rọ̀ ìsọ̀rí. Babalọlá ṣàlàyé pé kì í ṣe ohun tí ewì ń sọ ni Yorùbá fi ń dá a mọ̀, bí kò ṣe ẹni tí ń pè é àti ohùn tí ó fi ń pè é. Onìjálá lè ki Ògún, kí ó ki erin àti ẹfọ̀n, kí ó ki igi oko, kí ó sì yà sí oríkì ìdílé. Oríkì ìdílé kan náà ni a lè gbọ́ lẹ́nu onírárá àti lẹ́nu eléégún tí ń pe ẹ̀sà. Ohùn ni ó sọ ọ́ di ìjálá.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti ti àtúnṣe. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ a máa tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ lọ sóde, a máa fetí kọ́ ọ, a sì máa sín in jẹ títí yóò fi dá dúró. Bí ó bá wá dá dúró tán, kò bọ́ lọ́wọ́ ìdájọ́: àwọn onìjálá tí ó wà níjókòó lè dá a dúró pé kò pe ìjálá náà bí ó ti yẹ, òun náà sì lè fèsì láti gbèjà ara rẹ̀. Babalọlá fi èyí hàn gbangba pé lámèyítọ́ kì í ṣe ohun àjèjì tí yunifásítì gbé wọlé. Àwọn ọdẹ ti ní in kí a tó ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́.

Olùkọ́ àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e

Lẹ́yìn tí ó ti ṣe olùkọ́ ní Igbobi, ó dé Yunifásítì Èkó, níbi tí ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ìwé ọdún 1966, ṣùgbọ́n ó tètè padà sílé: Àwọn Oríkì Orílẹ̀ jáde lọ́dọ̀ Collins ní ọdún 1967, Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá àti Orin Ọdẹ fún Àṣeyẹ ní ọdún 1973, Àwọn Oríkì Bọ̀rọ̀kìnní ní ọdún 1975. Ọdún kan lẹ́yìn Àwọn Oríkì Orílẹ̀ ni Collins kan náà tẹ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá ti Wándé Abímbọ́lá. Ní Yunifásítì Èkó ni Abímbọ́lá àti Afọlábí Ọlábímtàn ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọ̀kan lórí Ifá, èkejì lórí ewì àpilẹ̀kọ. Ìjálá kọ́ ni ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì tẹ̀ lé. Oko tiwọn ni wọ́n ro. Ní ọdún 2003, nígbà tí Babalọlá ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, òun àti Olúgbóyèga Àlàbá jọ gbé ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá jáde.

Àwọn kan tún un ṣe. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1984, Ọlátúndé Ọlátúnjí fi yé wa pé ohùn nìkan kò tó fi ṣe ìsọ̀rí: oríkì, ẹsẹ Ifá àti ọfọ̀ ní àbùdá tí a fi ń mọ̀ wọ́n nínú ohùnkóhun tí a bá fi pè wọ́n. Karin Barber, ní ọdún 1991, fi oríkì ẹnu àwọn obìnrin Òkukù hàn wá, ó sì jẹ́ kí a rí i pé oríkì kì í dúró sójú kan. Àwa kò ka èyí sí ìdójútì fún Babalọlá. Ohun tí ó sọ pé àwọn onìjálá ń ṣe fún ara wọn ni wọ́n ṣe fún un.

Ewu tí ó wà níbẹ̀

Ìwé títẹ̀ ní àǹfààní, ó sì ní àbùkù. Oríkì tí a tẹ̀ kò ní ohùn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò dá a dúró láti tún un ṣe. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá ń fi Àwọn Oríkì Orílẹ̀ nìkan ṣe òdiwọ̀n, ẹ̀dà oríkì tí ó yàtọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà ìlú kan yóò dà bí àṣìṣe lójú rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀dà mìíràn tí ó tọ́ ni. A ó ti fi ìwé olùkọ́ pa ẹ̀kọ́ olùkọ́ rẹ́.

Ìgúnlẹ̀

Nítorí náà, àbá wa fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ onípele gíga kò pọ̀. Kí a máa lọ bá àwọn ọdẹ kí a tó lọ sí ilé ìkàwé, kí a sì tún padà tọ̀ wọ́n lọ lẹ́yìn rẹ̀. Kí a máa kọ orúkọ ẹni tí ó pe ìjálá, ìlú rẹ̀ àti ọ̀gá tí ó kọ́ ọ sí ìwájú ẹsẹ tí a gbà lẹ́nu rẹ̀. Kí a tọ́jú ohùn tí a gbà sílẹ̀ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, kí a sì fún onìjálá ní ẹ̀dà tirẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a jẹ́ kí ó gbọ́ ìtúpalẹ̀ wa, ní èdè tí yóò yé e, kí ó lè sọ ibi tí a ti ṣì í gbọ́. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ń rántí Babalọlá bí ó ti tọ́.