Abúlé ní Erékùṣù Jáfà: Ilẹ̀, Ilé àti Ìrìnàjò

Jáfà jẹ́ erékùṣù kan ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 150, wọ́n sì ju ìdajì gbogbo ọmọ Indonéṣíà lọ. Ẹ̀yà Súńdà ló ni ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Àárín gbùngbùn àti ìlà-oòrùn ni ilé àwọn ará Jáfà gan-an, ibẹ̀ sì ni àwọn abúlé tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn wà. Desa ni wọ́n ń pe abúlé. Desa kan máa ń kó abà mélòó kan pọ̀, oko ìrẹsì á sì yí abà kọ̀ọ̀kan ká. Ẹni tó bá dúró lórí òkè wò ó, igi àgbọn àti ọparun tó ṣù jọ sójú kan láàárín oko ni yóò rí. Abẹ́ igi wọ̀nyẹn ni ilé wà.

Eérú òkè oníná mú kí ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá, ènìyàn sì ti pọ̀ jù fún un. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni oko rẹ̀ kò tó ìdajì hẹ́kítà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ohun ìní ṣe rí ní Jáfà, kó má wo orúkọ tó wà lórí ìwé ilẹ̀ nìkan. Kó tún wo iye ẹnu tó ń jẹ lára ilẹ̀ ọ̀hún.

Àkùrọ̀ ìrẹsì, sawah, ni ilẹ̀ tó níyì jù. Wọ́n á mọ ebè yí i ká kí omi lè dúró, wọ́n á sì fa omi wọ̀ ọ́ láti ojú odò, láti oko kan bọ́ sí èkejì. Ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀pà ni ti ilẹ̀ gbígbẹ. Àyíká ilé, pekarangan, kì í sì í ṣe ibi eré rárá: àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ, atalẹ̀, adìyẹ, nígbà mìíràn adágún ẹja kékeré, gbogbo rẹ̀ á wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyálé ilé ti ń já ohun tó fẹ́ sè láìmú owó dání. Nígbà tí ìrẹsì kò bá tíì pọ́n, òun ló ń gba ilé sílẹ̀.

Tọkùnrin tobìnrin ló ń jogún ilẹ̀. Àwọn ìdílé kan ń fún ọkùnrin ní ìpín méjì, obìnrin ní ọ̀kan; àwọn mìíràn ń pín in dọ́gba. Àbíkẹ́yìn ló sábà máa ń dúró ti àwọn òbí, ilé á sì di tirẹ̀. Bí tọkọtaya bá kọ ara wọn sílẹ̀, wọ́n á pín ohun tí wọ́n jọ kó jọ, kálukú á sì mú èyí tó gbé ti ilé rẹ̀ wá padà. Àwọn ìjòyè abúlé ní oko tó ń bá oyè rìn, bengkok, tí wọ́n ń jẹ dípò owó oṣù. Ẹni tó bá kúrò lórí oyè á kúrò lórí oko.

Àwọn Òyìnbó Hólándì, tó ṣàkóso Jáfà tẹ́lẹ̀, ti jẹ nínú oko abúlé rí. Láti 1830 ni ìjọba wọn ti ń fipá mú àwọn abúlé láti ya ìdá kan nínú márùn-ún ilẹ̀ wọn sọ́tọ̀ fún ohun ọ̀gbìn tí wọn yóò kó lọ sí Yúróòpù, bí ìrèké àti ẹlú. Lẹ́yìn òmìnira ni òfin ilẹ̀ ti 1960 dé. Òfin yìí kò jẹ́ kí àjèjì ní ilẹ̀ ní Indonéṣíà bí onílẹ̀. Bí àjèjì bá lọ fi orúkọ ọmọ ìlú ra ilẹ̀, òfin ka ọjà náà sí asán, ilẹ̀ á di ti ìjọba, owó tó san kò sì ní padà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò ní ìwé kankan fún ọdún gbọọrọ ju àkọsílẹ̀ owó orí tó wà lọ́wọ́ abúlé. Ẹ̀rí aládùúgbò, tó mọ ibi tí ebè tìrẹ parí sí, ló ń gbe olóko. Láti 2017 ni ìjọba ti dáwọ́ lé wíwọn ilẹ̀ láti abúlé dé abúlé kí olúkúlùkù lè gba ìwé.

Kí àwọn ọdún 1970 tó dé, ìkórè ìrẹsì jẹ́ iṣẹ́ gbogbo abúlé, pàápàá ti àwọn obìnrin. Ọ̀bẹ kékeré kan, ani-ani, ló máa ń wà lọ́wọ́ wọn: abẹ pẹlẹbẹ tí a fi há igi, tó fara sin sínú àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n fi ń gé ṣírí ìrẹsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní bí abẹ bá fara pamọ́ báyìí, ẹ̀rù kò ní ba Dewi Sri, òrìṣà obìnrin tó ni ìrẹsì. Ìtìjú ni fún olóko láti lé ẹni tó wá bá a kórè, ẹni tó bá sì kórè á gba ìpín tirẹ̀ nínú ìrẹsì náà. Báyìí ni obìnrin tí kò ní ebè kan ṣoṣo ṣe ń rí oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ìjọba gbé irúgbìn tuntun dé, tó ń tètè gbó, tó sì ń so púpọ̀. Dòjé rọ́pò ani-ani. Olóko bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìrẹsì lórí ìdúró fún oníṣòwò, oníṣòwò á sì kó òṣìṣẹ́ tirẹ̀ wá. Ẹ̀rọ tó ń bó ìrẹsì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ odó. Ní 1984, Indonéṣíà kéde pé ìrẹsì tí òun ń gbìn ti tó òun jẹ. Àṣeyọrí ńlá ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun àwọn obìnrin tí kò nílẹ̀ ló fún pa, kò sì yẹ kí a sọ ìtàn ọ̀kan ká fi èkejì sílẹ̀.

Igi àti ọparun ni wọ́n fi ń kọ́ ilé àtijọ́. Èyí tó lọ́lá jù ni joglo, tí òpó mẹ́rin àárín rẹ̀ gbé òrùlé gíga dúró. A lè tú irú ilé bẹ́ẹ̀ palẹ̀, ká rù ú lọ síbòmíràn, ká tà á láìta ilẹ̀ tó wà. Lóde òní, bíríkì ló wọ́pọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 2006, ilẹ̀ mì ní agbègbè Yogyakarta, ó pa ènìyàn tó lé ní 5,700, púpọ̀ nínú wọn ní àwọn abúlé Bantul tí ògiri bíríkì wó lé lórí. Ọ̀wẹ̀ ni àwọn ará abúlé fi kó àwókù kúrò, òun náà ni wọ́n fi tún ọ̀pọ̀ ilé kọ́: lónìí ilé tèmi, lọ́la ilé tìrẹ.

Ẹgbẹ́ ojúlé-sójúlé tí wọ́n ń pè ní RT ló ń ṣètò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Jàpáánì ló gbé irú ètò yìí wọ Jáfà nígbà tí wọ́n gba ibẹ̀ láàárín 1942 sí 1945. Abúlé ló sọ ọ́ di tirẹ̀. Lóru, àwọn ọkùnrin á máa ṣọ́ àdúgbò ní ìpín-ìpín, wọ́n á máa lu kentongan, ìlù onígi. Bí wọ́n ṣe ń lọ, wọ́n á máa kó ìrẹsì díẹ̀ tàbí owó kékeré tí onílé gbé kọ́ ara ilé sílẹ̀ fún àpò àdúgbò. Bí wọ́n bá bímọ, tí wọ́n dá abẹ́ fún ọmọ, tàbí tí ènìyàn kú, wọ́n á ṣe sàráà, slametan: àwọn ọkùnrin àdúgbò á jókòó sórí ẹní, wọ́n á ṣe àdúà, wọ́n á jẹ díẹ̀, wọ́n á sì gbé ìyókù lọ fún ará ilé. Àlejò tó bá fẹ́ sùn mọ́jú gbọ́dọ̀ jẹ́ kí olórí RT gbọ́ láàárín wákàtí 24. Pátákó tó ń sọ èyí wà lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò púpọ̀.

Ọjà ló kọ́kọ́ ń mú ará abúlé rìnrìn àjò. Yàtọ̀ sí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje, wọ́n tún ń ka ọjọ́ márùn-ún: Legi, Pahing, Pon, Wage, Kliwon. Orúkọ àwọn ọjọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ọjà ń jẹ́, bíi Pasar Legi, ọjà Legi, ní Kotagede lágbègbè Yogyakarta, ó sì yé ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ná ọjà ọrọọrún.

Ọ̀nà ńlá tí Daendels, gómìnà àgbà àwọn Hólándì, mú kí wọ́n là láti 1808, láti Anyer dé Panarukan, tó nǹkan bíi kìlómítà 1,000. Ọ̀pọ̀ tálákà kú lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1867, rélùwéè àkọ́kọ́ ní Jáfà bẹ̀rẹ̀ sí í ná Semarang sí Tanggung. Ṣùgbọ́n fún abà inú lọ́hùn-ún, bọ́ọ̀sì kékeré àwọn ọdún 1970 ló yí ayé padà, alùpùpù sì parí rẹ̀. Ọmọbìnrin abúlé lè ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìgboro kó sì sùn sílé. Ọ̀kadà, ojek, ń gbé ìyá arúgbó dé ẹ̀gbẹ́ oko.

Ọ̀pọ̀ ló jáde lọ pátápátá. Láti 1890 títí di 1939, nǹkan bíi 33,000 ará Jáfà wọkọ̀ òkun lọ sí Suriname láti ṣiṣẹ́ oko. Àwọn ọmọ wọn wà níbẹ̀ dòní. Lóde òní, àwọn obìnrin ń lọ ṣiṣẹ́ ilé ní Hong Kong, Taiwan àti Màléṣíà. Ilé aláwọ̀ títàn tó dá yọ láàárín abà, owó wọn ló sábà kọ́ ọ.

Ìtúnu Àwẹ̀ ló ń kó àwọn tó lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá padà sílé. Mudik ni wọ́n ń pe ìrìnàjò yìí: ẹgbàágbèje ènìyàn á tú kúrò ní ìlú ńlá Jakarta lẹ́ẹ̀kan, lọ́kọ̀ ojú irin, ní bọ́ọ̀sì, lórí alùpùpù tí ọkọ, aya àti ọmọ jọ gùn pẹ̀lú ẹrù. Wọ́n á kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn òbí, wọ́n á sì lọ sí ibojì. Ọ̀nà olówó ibodè tó so Jakarta mọ́ ìlú Surabaya ní 2018 dín wàhálà ìrìnàjò náà kù. Nígbà tí ìjọba fòfin de mudik ní 2020 àti 2021 nítorí àrùn Kòrónà, àwọn ọlọ́pàá dí títì, wọ́n sì ń dá ọkọ̀ padà. Ọ̀pọ̀ sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn láàárín oko ìrẹsì lọ sílé.