Ọmọ-Iṣẹ́, Ìwọ̀fà àti Akẹ́kọ̀ọ́ Inú Yàrá Kọ̀ǹpútà

Ní àwọn yunifásítì kan lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tí ì gboyè lè máa ran àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́ nínú yàrá kọ̀ǹpútà, kí yunifásítì sì ka iṣẹ́ náà mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí wọ́n fún un ní yúníìtì lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó jókòó gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan ń pe èyí ní àṣà òkèèrè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn mìíràn ní ìrẹ́jẹ ni, pé iṣẹ́ tí ó yẹ kí a gba òṣìṣẹ́ sí ni a dọ́gbọ́n gbé lé ọmọ-ọlọ́mọ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó lọ́ mọ́ra níbẹ̀, ó sì yẹ kí a tú wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Pé kí ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ máa ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ń kọ́ ọ, ohun àtayébáyé ni nílẹ̀ Yorùbá. Pé kí a ṣírò iṣẹ́ náà, kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí a sì fi oyè san án, èyí ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ìlú méjì tí ìtàn náà ti hàn kedere.

Kí ilé-ìwé tó dé, ọ̀nà méjì pàtàkì ni ọmọ fi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àgbà. Ọ̀nà kìíní ni ti ọmọ-iṣẹ́. Ní Ọ̀yọ́, níbi tí iṣẹ́ awọ àti igbá fínfín ti gbilẹ̀, ọmọ tí a bí sí agbolé oníṣẹ́ awọ kì í san owó kankan kí ó tó mọ̀ ọ́n ṣe. Yóò máa na awọ sí baba rẹ̀, yóò máa pọ́n ọ̀bẹ, yóò máa wo ọwọ́ àgbà, títí ọwọ́ tirẹ̀ náà yóò fi mọ́ iṣẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ télọ̀, iṣẹ́ káfíńtà àti ti mẹkáníìkì dé, àdéhùn wọ inú rẹ̀. Òbí san owó, wọ́n dá iye ọdún, ọmọ sì ń gbálẹ̀, ó ń pọnmi, ó ń gbé àpò irinṣẹ́ tẹ̀lé ọ̀gá. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀kọ́ rárá, ta ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bọ̀ tí ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un lójú ẹbí àti ará, tí yóò sì yọ̀ǹda rẹ̀. Fíríìdọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà. Àwọn ọdún tí ọmọ náà fi gbálẹ̀ wà lára àwọn ọdún tí a kà fún un.

Ọ̀nà kejì ni ti ìwọ̀fà. Samuel Johnson, tí ó jẹ́ àlùfáà ní Ọ̀yọ́, tí ó sì parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 (1921 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀), ṣàlàyé ìlànà yìí lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́. Ẹni tí ó yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, kò sí ẹni tí ó lè tà á. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe, èlé orí owó náà ni. Kò dín nǹkan kan kù nínú gbèsè. Bí ó ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, bí ó ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún, iye tí wọ́n yá gan-an ni wọn yóò kó sílẹ̀ kí ó tó lè dá òmìnira ara rẹ̀ ní. Bí àlejò bá rí ìwọ̀fà àti ọmọ-iṣẹ́ tí wọ́n jọ ru ẹrù ọ̀gá wọn kọjá lọ ní òwúrọ̀, kò ní lè tọ́ka sí èyí tí í ṣe èwo. Inú ìṣirò ni ìyàtọ̀ wọn wà. Ti ọ̀kan ń dín lójoojúmọ́, ti èkejì dúró sójú kan.

Ọmọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kan wà lára àwọn Yorùbá tí ó kọ́kọ́ bá irú iṣẹ́ yìí pàdé nínú ilé-ìwé. Ní 1821 ni ogun kó Òṣoògùn, tí wọ́n sì mú ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú. Ní 1822 ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí òkun, wọ́n gbé e lọ sí Sàró, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní abúlé Bathurst. Nínú lẹ́tà tí Samuel Àjàyí Crowther kọ ní 1837, ó sọ pé oṣù 6 lẹ́yìn tí òun dé, òun ti lè ka Májẹ̀mú Titun, wọ́n sì fi òun ṣe mọ́nítọ̀. Owó tí wọ́n ń san fún un lóṣù jẹ́ kọ́bọ̀ méje àbọ̀ ní owó àtijọ́: sísì kan, kọ́bọ̀ kan àti ẹ́ẹ́pìnnì kan.

Lónìí, mọ́nítọ̀ ni ọmọ tí ń kọ orúkọ àwọn aláriwo sílẹ̀ bí tíṣà kò bá sí ní kíláàsì. Nígbà náà, mọ́nítọ̀ ni ó ń kọ́ kíláàsì. Andrew Bell, ará Scotland, tí ó di alábòójútó ilé-ìwé àwọn ọmọ aláìlóbìí ní Madras ní ilẹ̀ Íńdíà ní 1789, rí i pé àwọn ará ibẹ̀ ń fi iyanrìn kọ́ àwọn ọmọ wọn ní lẹ́tà kíkọ. Ó fẹ́ kí àwọn olùkọ́ tirẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kò gbà. Ni ó bá gbé iṣẹ́ náà lé ọmọ ọdún 8 kan lọ́wọ́, John Frisken ni orúkọ rẹ̀, ọmọ náà sì ṣe é yanjú. Joseph Lancaster bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní London ní 1798. Láìpẹ́, àwọn ilé-ìwé míṣọ́nnárì ti gbé e káàkiri ayé, nítorí pé ìlànà náà pọ́ọ́kú: olùkọ́ kan ṣoṣo lè bójú tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ bí àwọn ọmọ bá ń kọ́ ara wọn. Ohun rere ti inú rẹ̀ jáde, Crowther jẹ́ ẹ̀rí. Síbẹ̀ àìtó owó àti àìtó olùkọ́ ni ó gbé e káàkiri, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ wádìí bóyá ó ṣe àwọn mọ́nítọ̀ fúnra wọn láǹfààní.

Ẹ̀dùn-ọkàn kan náà ni ó bá àwọn tí a lè pè ní akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ nílẹ̀ wa títí wọ inú ọ̀rúndún ogún. Ọmọ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Láti agogo 7 sí agogo 8 òwúrọ̀ ni ọ̀gá ilé-ìwé ń kọ́ ọ. Láti agogo 8 sí agogo 2 ọ̀sán ni òun náà ń kọ́ àwọn ọmọdé. Wákàtí kan fún ẹ̀kọ́ tirẹ̀, wákàtí 6 fún ẹ̀kọ́ àwọn ẹlòmíràn! Lẹ́yìn ọdún 2 ni yóò tó jókòó ṣe ìdánwò. Ìdánwò náà kò sì béèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú kíláàsì lójúmọmọ. Ohun tí ó há sórí láàárín agogo 7 sí 8 ni ó béèrè. Ìṣirò ìwọ̀fà ni èyí, bí ó tilẹ̀ wọ aṣọ ilé-ìwé.

Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ó kọ́kọ́ yí ìṣirò náà padà. Ní 1896, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ CMS fi ń kọ́ àwọn olùkọ́ kó láti Èkó wá sí Ọ̀yọ́. Òun ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí St. Andrew's. Ní 1898, àwọn Onítẹ̀bọmi dá tiwọn sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún àwọn oníwàásù. Àṣà tí ó wá fìdí múlẹ̀ ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ dúró níwájú kíláàsì ní tòótọ́, kí olùkọ́ rẹ̀ jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú ìwé àti bírò, kí ó wò ó, kí ó sì fún un ní máàkì. TP ni gbogbo ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń pè é, kò sì sí èyí tí àyà rẹ̀ kì í já bí ó bá rí ọkọ̀ alábòójútó lẹ́nu ọ̀nà. Àyà jíjá yẹn ní ìtumọ̀ nínú ìtàn yìí. Ẹni tí ń kọ́ni kì í ṣe agbáṣẹ́ṣe fún ọ̀gá mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní àkókò tí ó ń kọ́ni gan-an, nítorí ẹnìkan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa wò ó lọ. Nígbà tí ìjọ Áńgílíkà dá yunifásítì tí ó ń jẹ́ orúkọ Crowther sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 2005, ìtàn St. Andrew's ni ó jogún.

Láti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ìlànà náà ráyè dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Herman Schneider bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Cincinnati ní Amẹ́ríkà ní 1906: akẹ́kọ̀ọ́ 27 ni wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n sì ń padà sí kíláàsì ní gbèdéke-gbèdéke. Ní Nàìjíríà, ìjọba dá àjọ ITF sílẹ̀ ní 1971, ètò SIWES sì tẹ̀lé e ní 1973, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kàn ń pè ní IT. Oṣù 6 ni akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì ń lò lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí àjọ tí ń ṣàkóso yunifásítì, NUC, sì gbé òṣùwọ̀n ẹ̀kọ́ kan náà kalẹ̀ fún gbogbo yunifásítì ní 1989, ìlànà yúníìtì di ti gbogbo gbòò, IT náà sì bọ́ sínú ìṣirò. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò bá lọ kò lè gboyè.

Ìṣirò náà ní ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 1 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 15, yúníìtì 1 ni. Iṣẹ́ inú yàrá àyẹ̀wò, wákàtí 3 lọ́sẹ̀ ni yóò fi tó yúníìtì kan náà. Gbígbọ́ ní ìlọ́po mẹ́ta iyì ṣíṣe, gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí. Baba oníṣẹ́ awọ ní Ọ̀yọ́ yóò rẹ́rìn-ín bí ó bá gbọ́.

Òǹwòran lè wá béèrè pé èwo ni ti kọ̀ǹpútà nínú gbogbo èyí. Ẹ̀kọ́ yìí yàtọ̀ sí púpọ̀ nínú àwọn yòókù ní ti pé àṣìṣe ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ ọ. Àmì kékeré kan tí ó sọnù nínú ohun tí ó kọ lè dá gbogbo rẹ̀ dúró, kí ó sì jókòó níwájú rẹ̀ fún wákàtí 2 láìrí i. Olùkọ́ kan kò lè yẹ ojú ẹ̀rọ ọgọ́rùn-ún wò lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe irú àṣìṣe náà ní ọdún tí ó kọjá yóò rí i lójú ẹsẹ̀, nígbà mìíràn kíákíá ju ọ̀jọ̀gbọ́n lọ, nítorí pé ọ̀jọ̀gbọ́n ti gbàgbé bí ó ti rí láti má mọ̀. Ìdí nìyí tí Andries van Dam, tí ó dé Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà ní 1965, fi sọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tí ì gboyè di olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. Ní Stanford, ètò irú èyí ti wà láti 1988. Owó ni wọ́n ń san fún àwọn olùrànlọ́wọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní sáà àkọ́kọ́ wọ́n tún gbọ́dọ̀ gba kọ́ọ̀sì kan lórí bí a ti ń kọ́ni, yúníìtì sì wà lórí rẹ̀. Kì í ṣe iye wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi dúró nínú yàrá ni wọ́n ń fi yúníìtì san. Ohun tí ó kọ́ nípa ìkọ́ni ni.

Ògbómọ̀ṣọ́ ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tirẹ̀ láti 1990, èyí tí a sọ lórúkọ Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ ìlú náà, ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ní irú yunifásítì bẹ́ẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà, àwọn òṣìṣẹ́ tí a gbà sí yàrá kọ̀ǹpútà ni òfin mọ̀ sí olùrànlọ́wọ́ olùkọ́. Ẹni tí ojú ń rí ní alẹ́ tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀ yàtọ̀. Ọmọ kíláàsì kan ni, tí ọwọ́ rẹ̀ yá, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yí ká, tí ó ń ti orí ẹ̀rọ kan bọ́ sí òmíràn. Kò sí yúníìtì fún un. Wọn a máa kí i pé ó ṣeun, ó parí. Ìmọ̀ tirẹ̀ ń jinlẹ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí, bí máàkì rẹ̀ bá sì dín nítorí pé ó fi alẹ́ rẹ̀ kọ́ ẹlòmíràn, òun nìkan ni yóò ru ẹrù náà.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí òfin là sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni IT. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kì í lọ sí iléeṣẹ́ kankan. Ẹ̀ka tí ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ni wọ́n ti ń lo oṣù 6 wọn, wọ́n ń tún ẹ̀rọ ṣe, wọ́n ń tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sọ́nà. Owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún wọn jẹ́ ₦2,500 lóṣù fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í sì í tètè dé. Yúníìtì ni èrè tí ó dájú. Ìwé kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa kọ iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí; ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹni tí ń kọ́ wọn níṣẹ́ yóò kà á, yóò sọ èrò rẹ̀ síbẹ̀, yóò sì fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ-iṣẹ́ àti ìwọ̀fà ti pínyà. Kò sì sí olùkọ́ tí kò tí ì rí ìwé bẹ́ẹ̀ tí a fọwọ́ sí láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo, pẹ̀lú bírò kan náà.