Ayùn Kì í Ṣe Ẹ̀tẹ̀: Orúkọ Nàgó Kan nínú Ìtàn Ìṣègùn Bahia

Ní ọdún 1867, oníṣègùn José Francisco da Silva Lima tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú Gazeta Médica da Bahia, ní ìlú Salvador ní orílẹ̀-èdè Brazil, lórí àìsàn kan tí ó máa ń gé ìka ọmọńdinrín ẹsẹ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà. Ainhum ni ó pe àìsàn náà. Òun kọ́ ni ó dá orúkọ yìí sílẹ̀. Ẹnu àwọn Nàgó, ìyẹn àwọn Yorùbá tí òwò ẹrú kó dé Bahia, ni ó ti bá a, ó sì mú un wọ inú èdè ìṣègùn, níbi tí ó wà títí di òní. Ohun tí orúkọ náà fi hàn nípa ìmọ̀ àwọn tí ó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ tó yẹ̀ wò.

Silva Lima so orúkọ náà mọ́ fífi ayùn rẹ́ nǹkan. Ẹni tí ó bá wo sípẹ́lì nìkan lè ṣiyèméjì, nítorí ainhum kò jọ ayùn lójú. Etí ni ó yẹ kí á fi wò ó. Nínú èdè Yorùbá, bí kọ́ńsónáǹtì y bá ṣáájú fáwẹ̀lì àránmúpè, òun náà a máa ránmú, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ ọ nínú iyán. Nh ni àwọn Potogí fi ń kọ irú ìró bẹ́ẹ̀, um ní ìparí ọ̀rọ̀ sì ni wọ́n fi ń kọ fáwẹ̀lì u àránmúpè. I tí ó ṣáájú nh kò ju ọ̀nà tí ahọ́n ń gbà dé ibẹ̀ lọ. Àmì ohùn nìkan ni àkọtọ́ Potogí kò rí ibi kọ sí.

Orúkọ náà bá ìrísí àìsàn náà mu gan-an. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan a kọ́kọ́ yọ lábẹ́ ìdí ọmọńdinrín, ní ìhà tí ó kọjú sí ìka tí ó tẹ̀ lé e. Ìlà náà a máa jinlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a sì yí ìka po bí okùn tí a fún. Iwájú ìka a wú, a rí roboto bí èso kékeré. Egungun inú rẹ̀ a máa tín-ín-rín títí ìka yóò fi máa mì dirodiro lórí awọ lásán, tí yóò sì já. Èyí lè gba ọ̀pọ̀ ọdún, ìrora rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Síbẹ̀, ara aláìsàn tó kù a máa le.

Ẹ̀tẹ̀ náà a máa sọ ìka di kúkúrú, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára ni ẹ̀tẹ̀ ń bà jẹ́. Àbàwọ́n tí kò mọ ìfọwọ́kàn a yọ sí ara, ìka ọwọ́ a ká kò, ọgbẹ́ tí aláìsàn kò mọ̀ lára a sì máa jẹ egungun lọ. Ẹni tí ayùn ń mú mọ ìrora rẹ̀. Adẹ́tẹ̀ lè tẹ iná láìmọ̀. Ní Salvador, ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti inú ìwé, nítorí ìlú náà ní ibùdó tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn adẹ́tẹ̀, Quinta dos Lázaros. Ẹni tí wọ́n bá ṣì pè ní adẹ́tẹ̀ lè pàdánù ilé àti ẹbí nítorí ìka ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.

Ṣáájú Silva Lima, ní 1860, Robert Clarke tí ó ṣiṣẹ́ ìṣègùn ní Gold Coast, Gánà òde òní, ti ròyìn ìka tí ń gbẹ tí ó sì ń já yìí, ṣùgbọ́n ó kà á sí ohun tí àìsàn awọ mìíràn fi sílẹ̀. Ó rí i, kò yà á sọ́tọ̀. Àwọn tí ó pè é ní ayùn ti yà á sọ́tọ̀ ní tiwọn. A lè wí pé ìrísí lásán ni orúkọ náà ń ṣàpèjúwe, kì í ṣe ìmọ̀ ìṣègùn. Àríyànjiyàn yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó: ìlà tí ń rẹ́ ìka yẹn gan-an ni ẹ̀rí tí oníṣègùn ṣì fi ń dá àìsàn náà mọ̀. Èdè tí ó ní ẹ̀tẹ̀ fún ọ̀kan, tí ó ní jàbùtẹ́ fún ẹsẹ̀ tí ó wú ràbàtà, kò fi èyíkéyìí nínú wọn pe ẹ̀kẹta. (Ní Salvador kan náà ni Otto Wucherer, ẹlẹgbẹ́ Silva Lima, ti rí àwọn kòkòrò tín-íntìn-ìntín nínú ìtọ̀ aláìsàn ní 1866, àwọn tí ó wá hàn lẹ́yìn náà pé irú wọn ni ó ń fa jàbùtẹ́.)

Ibi tí Silva Lima ti kọjá ohun tí ojú rẹ̀ rí ni àkọlé àpilẹ̀kọ rẹ̀, níbi tí ó ti pe àìsàn náà ní ti ìran adúláwọ̀ nìkan. Òótọ́ ni pé àárín àwọn ènìyàn dúdú ni a ti ń rí i jù, ohun tí ó ń fà á kò sì tíì dájú. Ṣùgbọ́n ní 1867, òfin Brazil ṣì fi àyè gba ẹrú, kò sì fòpin sí i títí di 1888. Bàtà jẹ́ àmì òmìnira níbẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni ẹrú fi ń rìn. Ọgbẹ́ tí ẹsẹ̀ lásán ń gbà wà lára àwọn ohun tí àwọn oníṣègùn ń fura sí, ìran sì ni àkọlé náà dárúkọ.

Àwọn oníṣègùn òde òní ti wá fi pseudo-ainhum pe irú ìlà bẹ́ẹ̀ nígbà tí nǹkan mìíràn bá fà á: irun tàbí òwú tí ó lọ́ mọ́ ìka ọmọ ọwọ́, àrùn ìtọ̀ ṣúgà, àti ẹ̀tẹ̀ fúnra rẹ̀.