Ìsúnmọ́: Orúkọ fún Iye tí Ó Kù Díẹ̀ Kí Ó Ṣe Rẹ́gí

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí ẹni tí yóò wá orúkọ Yorùbá fún "approximate", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn onímọ̀ ìṣirò, kọ́kọ́ yẹ ìdílé rẹ̀ wò. Ọmọ Látìn ni: "proximus", èyí tí ó súnmọ́ni jù lọ, ni ìyá rẹ̀, "prope", ìtòsí, ni ìyá àgbà. Kò sí ìméfò nínú ẹbí yìí rárá. Ìrìn ni ó wà níbẹ̀, ìrìn ẹni tí ó mọ ibi tí òun ń lọ.

Ìdí nìyí tí n kò fi gba "ìfojúdíwọ̀n" fún un. Ọ̀rọ̀ tí ó níyì ni, ó sì ní iṣẹ́ tirẹ̀: àgbẹ̀ tí ó dúró lẹ́bàá ebè, tí ó ní iṣu tí a kò tí ì wà yóò tó igba, ojú ni ó fi díwọ̀n. Ṣùgbọ́n Archimedes ará Syracuse, ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, kò fojú wọn ohunkóhun nígbà tí ó ń wá iye ìgbà tí ìbú òbírikítí wọ inú àyíká rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: ó fi àwòrán onígun 6 há òbírikítí náà mọ́ tinú tòde, ó sọ igun di 12, ó sọ ọ́ di 24, ó sọ ọ́ di 48, títí ó fi dé 96, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé iye náà ju 3 àti 10/71 lọ, kò sì tó 3 àti 1/7. Èyí ìkẹyìn yìí ni 22/7 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀ bí ẹni mowó. Bí a bá fi í ṣírò agbo eré tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 7, mítà 22 ni àyíká agbo náà yóò jẹ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó fi lé ju òdodo lọ kò tó sẹ̀ǹtímítà kan.

Ìsúnmọ́ ni kí a máa pe irú iye bẹ́ẹ̀. Èdè wa tilẹ̀ lè sọ apá ibi tí a ti súnmọ́ ọn, èyí tí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà kò sọ: ìsúnmọ́ tí ó lé ni 22/7, ìsúnmọ́ tí ó dín ni 3 àti 10/71. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò ní Ifẹ̀ ní 1970, ọmọ tí ó ti ń ka mẹ́tàdínlógún nílé ti mú lé àti dín lọ́wọ́ wọ kíláàsì.