Ẹgbẹ́ Olórin Minutemen ti San Pedro

San Pedro, èbúté Los Angeles ní Amẹ́ríkà, ni D. Boon àti Mike Watt ti di ọ̀rẹ́ láti kékeré. Ní 1980 ni wọ́n dá Minutemen sílẹ̀. George Hurley ló wá di onílù wọn. Ọmọ mẹ̀kúnnù ni wọ́n, wọn kì í ná ìnákúnàá: àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń ru ẹrù wọn, òru tí owó ilé ìgbohùnsílẹ̀ rọjú ni wọ́n sì ń gba orin sílẹ̀. Orin wọn kúrú, ọ̀pọ̀ kò tó ìṣẹ́jú méjì. Síbẹ̀, ní 1984, wọ́n kó orin tó lé ní ogójì sínú àwo onílọ̀ọ́po-méjì, Double Nickels on the Dime. Iṣẹ́ ńlá ni! Ṣùgbọ́n ikú dóró: ní oṣù Kejìlá 1985, ìjàǹbá ọkọ̀ pa Boon ní Arizona, lẹ́ni ọdún 27. Watt fẹ́ pa orin tì. Ed Crawford, olólùfẹ́ orin wọn, ló ti Ohio wá bẹ̀ ẹ́; ní 1986, òun, Watt àti Hurley dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀.