Ṣọ́jà Kọ́ Ni Gbogbo Ẹni Tó Gbébọn

Ní Jos níbí, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ṣọ́jà, ọ̀tọ̀ ni fijilanté. Ṣọ́jà tó ń dá mọ́tò dúró lè jẹ́ ọmọ Bayelsa tàbí ọmọ Ṣókótó. Wọ́n rán an wá ni. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá fẹ́, Bọ̀rọ̀nú ló máa sùn lọ́la. Fijilanté tó gbé ìbọn ìbílẹ̀ kọ́ èjìká, ilé ìyá rẹ̀ ló ń ṣọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò gba oko lọ tàbí kó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. A máa ń sọ pé "ó wọṣẹ́ ṣọ́jà", ṣùgbọ́n "ó ń ṣe fijilanté" la máa ń wí. Ẹni tó wọṣẹ́ ń retí owó oṣù. Èkejì ní iṣẹ́ mìíràn tó fi ń jẹun.

Ó wá ń dùn mí pé, bí a bá ń kọ ìtàn ogun òmìnira lédè Yorùbá, "ọmọ ogun" la sábà máa ń pe gbogbo ẹni tó gbébọn.

Ẹ wo Guinea-Bissau. Ní 1963 ni PAIGC, ẹgbẹ́ Amílcar Cabral, bẹ̀rẹ̀ ìjà pẹ̀lú àwọn Potogí. Nígbà ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Cassacá, ní oṣù kejì 1964, wọ́n tún ogun wọn tò. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ológun FARP sílẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n lè rán lọ sójú ogun ibikíbi. Àwọn mìíràn ń jà nínú igbó agbègbè tiwọn. Àwọn milícia kì í kúrò lábúlé: wọ́n ń ro oko ìrẹsì, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Bí a bá fi orúkọ kan ṣoṣo pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òǹkàwé ò ní mọ ẹni tó ń bọ́ àwọn tó ń jà.

"Ẹ̀ṣọ́" ló máa kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn fún milícia, pàápàá látìgbà tí Ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn ti dé sílẹ̀ Yorùbá ní 2020. Èmi ò fara mọ́ ọn. Àádọ́rin ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́ àtijọ́, olóyè ni wọ́n, ogun sì niṣẹ́ wọn. Tí a bá fi orúkọ wọn pe àgbẹ̀ tó ń ṣọ́ abúlé, a ti dojú ìtàn tiwa rú.

Ogun Kírìjì, èyí tí Ìbàdàn bá Èkìtì Parapọ̀ jà, ni mo ti rí ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn ń gbé agboolé olóyè wọn, oúnjẹ rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, ogun sì ni oko wọn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé, ọ̀gágun Èkìtì Parapọ̀, náà ní irú wọn lọ́dọ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Èkìtì tí ìnilára ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn sú, tó sọ ọkọ́ sílẹ̀ tó gbé ìbọn, ìlú rẹ̀ ló ń gbèjà. Nítorí náà, "agbèjà ìlú" ni mo ń pe milícia, mo sì fi "ọmọ ogun" sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n lè rán lọ ibikíbi. Àwọn tó wà láàárín, "ajagun inú igbó" ni mo ń kọ, títí a ó fi rí èyí tó sàn jù ú lọ.

Orúkọ mẹ́ta yìí jẹ́ kí n lè kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Cassacá láìlọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀: wọ́n ṣa àwọn ajagun inú igbó tó já fáfá, wọ́n sọ wọ́n di ọmọ ogun, wọ́n sì fi abúlé sílẹ̀ fún àwọn agbèjà ìlú.