Igbó Tí Gbogbo Ẹni Ń Wọ̀: Àlọ́ Ilẹ̀ Ìkálẹ̀, Ìwé Fágúnwà àti Ipò Òǹkàwé

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹnìkan kì í dá àlọ́ pa. Apàlọ́ yóò ké "Ààlọ́ o!", àwọn tí ó yí i ká yóò sì fi "Ààlọ̀!" dá a lóhùn. Bí ìdáhùn kò bá wá, àlọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ayé tí wọ́n jọ wọ̀ lẹ́yìn ìdáhùn yìí kì í ṣe ayé tí apàlọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Wọ́n ti mọ Ìjàpá àti Yánníbo aya rẹ̀ tẹ́lẹ̀; wọ́n mọ̀ pé ẹranko a máa fọhùn níbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ojúkòkòrò kò ní í jẹ́ kí Ìjàpá sinmi. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni bí ọ̀rọ̀ yóò ti rí ní alẹ́ ọjọ́ náà. Apàlọ́ a máa yí ohùn padà: a di ọba, a di orogún, a di ẹyẹ. Àwọn agbálọ̀ọ́ náà kì í ṣe òǹwòran lásán, nítorí pé bí ará ìlú bá ń kọrin nínú ìtàn, ẹnu wọn ni orin náà ti ń jáde. Ara wọn ni ìlú inú àlọ́ náà wà.

Ètò yìí ni ó yẹ kí a fi sọ́kàn bí a bá ń ka ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ilé ìtẹ̀wé C.M.S. gbé jáde ní Èkó ní ọdún 1938. Òkè-Igbó ni a ti bí D. O. Fágúnwà. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, Ẹkùn Oǹdó kan náà ni ìlú yìí àti Òkìtìpupa wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan súnmọ́ Ifẹ̀, tí èkejì sì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí igbó ti ń di odò. Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ rárá, Fágúnwà fi ìtàn rẹ̀ wé ìlù tí ọlọ́gbọ́n ní í jó, ó sì yan iṣẹ́ méjì fún òǹkàwé. Iṣẹ́ kìíní ni pé nígbàkígbà tí ẹ̀dá-ìtàn kan bá ń sọ̀rọ̀, kí òǹkàwé gba ipò onítọ̀hún, kí ó sì sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ni. Bí ẹlòmíràn bá sì fèsì, kí ó gba èsì náà bí ẹni tí a dojú ọ̀rọ̀ kọ. Iṣẹ́ kejì ni pé kí ó fa ọgbọ́n yọ nínú ìtàn.

Iṣẹ́ kejì yìí ni ọ̀pọ̀ aṣelámèyítọ́ ti gbájú mọ́. Wọ́n ti kọ púpọ̀ lórí ìwàásù Fágúnwà, lórí ẹ̀kọ́ ìwà àti lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀, débi pé iṣẹ́ kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀rọ̀ ìkíni lásán. Bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni ó ṣáájú. Ohun tí Fágúnwà ń béèrè níbẹ̀ ni ohun tí apàlọ́ ń béèrè pẹ̀lú igbe "Ààlọ́ o!": kí ẹni tí ń gbọ́ má ṣe dúró síta. Ìtàn náà pàápàá tẹ̀lé ètò kan náà. Àkàrà-Ògùn wá sọ ti ẹnu rẹ̀ fún akọ̀wé, ó lọ, ó tún padà ní ọjọ́ kejì, èrò sì ń pọ̀ sí i láti wá gbọ́. Akọ̀wé kò dá ayé náà sílẹ̀; agbálọ̀ọ́ tí ó ní kálàmù lọ́wọ́ ni.

Nínú apá tí ó kẹ́yìn, ọba rán àwọn ọdẹ méje lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní ohun tí àwọn yòókù kò ní. Kàkó ní kùmọ̀ àti agbára. Ìmọ́dòye ní òye. Olóhùn-Iyọ̀ ní orin tí kò sí ohun tí kò lè tù lójú. Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-Ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Tafàtafà kan wà láàárín wọn. Àràmàdà-Òkùnrin sì wà, ẹni tí òtútù ń mú nígbà tí ooru bá mú gbogbo ènìyàn. Àkàrà-Ògùn ní ògùn, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti wí. Kò sí ewu ojú ọ̀nà tí ẹnìkan lè dá borí nígbà gbogbo. Ní ọdún 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, eré tí ẹnìkan ti ń ro ayé náà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí oníkálukú wọn sì ń gba ipò akọni kan tí ó ní agbára tirẹ̀. Kò sí ẹ̀rí kankan pé ọ̀kan jí ti èkejì, a kò sì nílò rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé àwọn ará Amẹ́ríkà ní láti kọ òfin eré náà sínú ìwé, nígbà tí ọmọ tí ó dàgbà sínú àlọ́ ti mọ òfin rẹ̀ kí ó tó mọ ìwé.

Ó yẹ kí a pààlà síbí, pàápàá bí ọ̀rọ̀ bá kan ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ayé àìrí ni ayé eré. Ayélálà, tí àwọn Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ń bọ, ni a fi ń búra tí a sì fi ń wádìí olè àti ọ̀dàlẹ̀. A kì í gba ipò rẹ̀ ṣeré lálẹ́. Igbó Irúnmalẹ̀ ṣeé wọ̀ nítorí pé gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ìtàn ni. Àmọ́ ẹni tí ó ti mọ̀ pé ìbúra lè pa ènìyàn kò ní í ka ewu inú igbó náà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Èdè náà tún jẹ́ ọ̀ràn kan. Yorùbá àjùmọ̀lò ni Fágúnwà fi kọ ìwé rẹ̀. Ẹ̀ka-èdè ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn ni Ìkálẹ̀. Òǹkàwé Òkìtìpupa tí ó bá fẹ́ di Kàkó ní láti yí ahọ́n padà, tàbí kí ó mú Kàkó fọ èdè Ìkálẹ̀. Èyí kejì ni àlọ́ ì bá yàn.

Àwọn òǹkọ̀wé náà jẹ́ ìpè yìí. Ní ọdún 1956, J. Ògúnṣínà Ògúndélé gbé Ibú Olókun jáde; ó mú ìrìn àjò náà kúrò nínú igbó lọ sínú omi. Ní ọdún 1967 ni Kórimálẹ̀ nínú Igbó Àdìmúlà ti Fátànmí jáde. Àwọn ìwé báyìí ni a máa ń pè ní iṣẹ́ ọmọlẹ́yìn Fágúnwà, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìmú yíyínmú, bí ẹni pé aláfarawé ni wọ́n. Ìdájọ́ yìí wá láti inú ìwé títẹ̀, níbi tí ayé ìtàn ti ní olówó kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tí í pe apàlọ́ kejì ní aláfarawé apàlọ́ kìíní nítorí pé Ìjàpá ni àwọn méjèèjì ń sọ. Bóyá ó sọ ọ́ dáadáa ni a ń béèrè, ìbéèrè náà sì le tó. Kì í ṣe gbogbo àwọn ìwé náà ni yóò yege.

Wole Soyinka náà ṣeré nínú igbó yìí nígbà tí ó túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968: irinwó imalẹ̀ di ẹgbẹ̀rún lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Wálé Ògúnyẹmí kọ Langbodo, eré tí Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní FESTAC ní Èkó ní ọdún 1977, tí Dàpọ̀ Adélugbà sì darí. Lórí ìtàgé yìí ni àṣẹ Fágúnwà ti ṣẹ ní kíkún. Àwọn ènìyàn gba ipò àwọn ọdẹ méje náà pẹ̀lú ara àti ohùn, ẹnìkan fọhùn, ẹnìkan sì fèsì, níwájú èrò tí ó ti jìnnà púpọ̀ sí Òkè-Igbó.

Fágúnwà kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ń dáàbò bo ìwé fún 70 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí òǹkọ̀wé bá kú. Nítorí náà, ọ̀wọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Òkìtìpupa lè jókòó lálẹ́ òní kí wọ́n pín ipò ọdẹ méje láàárín ara wọn, kí wọ́n sì fi ẹ̀kẹjọ tí ó ń fọ Ìkálẹ̀ kún wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ìwé náà di fíìmù tí wọn yóò tà, wọ́n ní láti kọ̀wé tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tí ó jogún ẹ̀tọ́ náà, títí di òpin ọdún 2033.